Orí Kẹfà: Ta Ní Ń Ké Àgò? Àṣírí Aráàlú àti Agbára Ìjọba

Ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Bàdágírì gba iwájú bárékè àwọn ọmọ ogun kọjá ní Ọ̀jọ́. Odi ló yí i ká, ṣọ́jà ló wà lẹ́nu géètì, àlejò kì í sì í ṣàdédé wọ ibẹ̀. Òfin Àṣírí Ìjọba, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1962, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ya fọ́tò irú ibùdó bẹ́ẹ̀ tàbí láti máa yọjú síbẹ̀, bí ẹni náà bá gbèrò ibi sí ààbò orílẹ̀-èdè. A kì í bá ológun jà nítorí èyí. Ọ̀tá tó bá ti mọ iye ìbọn tó wà nílé ẹni ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́gun ẹni tán.

Ẹ wá wo àwọn tó ń gbé ní ìta odi náà. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) tó gba yàrá sí Ìyànà-Ìbà, oníṣòwò tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Alábà, ìyá ẹlẹ́ja ní Òkókómáìkò, awakọ̀ kọ́rọ́pẹ́ tó ń ná Ìbà: ó ṣòro kí a tó rí ọ̀kan nínú wọn tí kò tíì tẹ̀ka lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n tẹ̀ka kí síìmù wọn tó ṣiṣẹ́. Wọ́n tẹ̀ka ní báńkì kí wọ́n tó rí BVN, nọ́ḿbà ìdánimọ̀ ti báńkì, gbà. Wọ́n tún un tẹ̀ fún àjọ NIMC nítorí NIN, nọ́ḿbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, wọ́n tún un tẹ̀ fún àjọ elétò ìdìbò INEC nítorí káàdì ìdìbò. Ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà sókè òkun tàbí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ti tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB gbọ́dọ̀ mú NIN wá. Èyí tó fẹ́ yá owó ilé-ìwé lọ́wọ́ àjọ NELFUND gbọ́dọ̀ mú NIN àti BVN pọ̀.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò kò gùn: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ kí ni nípa ta? Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, nítorí pé ẹni tó bá mọ àṣírí ẹni ló lè pàṣẹ fún ni.

Agbo ilé àti ìwé òfin

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé onílé a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ké “Àgò onílé o!”, a sì ní sùúrù títí wọn yóò fi dáhùn pé “Àgò yà.” Àgbàlagbà kò ju èyí lọ, ọmọdé kò sì kéré sí i. Ẹni tó já wọlé láìké àgò, bí kò bá jẹ́ olè, ẹni tí kò ka onílé sí ni.

Àmọ́ kí a má parọ́ mọ́ ayé àtijọ́. Àṣírí kì í pẹ́ nínú agbo ilé. Tọkọtaya tó bá jà lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ojúlé ti gbọ́. Ẹni tó jẹ gbèsè tí kò san, ológò a wá dógò tì í lẹ́nu ọ̀nà kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Ohun tó mú un ṣeé fara dà ni pé ìmọ̀ náà jẹ́ tọ̀tún-tòsì. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ rẹ, ìwọ náà mọ tirẹ̀. Bí ó bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà, o ní èsì tí o lè fún un. Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ wá, a kò mọ̀ ọ́n, a kò mọ ibi tó jókòó sí, a kò sì mọ ẹni tí òun náà ń rò ó fún.

Òfin wá gbìyànjú láti dí àlàfo yìí. Nínú òfin ìpìlẹ̀ tí a fi gba òmìnira ní 1960, abala 22 ti ní kí a bọ̀wọ̀ fún ìgbé ayé ẹni, ẹbí ẹni, ilé ẹni àti lẹ́tà ẹni. Ti 1979 tún un sọ. Abala 37 nínú Ìwé Òfin ti 1999, èyí tí à ń lò lọ́wọ́, dá àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè lójú pé àṣírí wọn ní ààbò: ilé wọn, lẹ́tà wọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lórí tẹlifóònù, títí kan wáyà tí wọ́n bá tẹ̀ ránṣẹ́. (Àwọn tó kọ ọ́ ṣì ń ronú nípa wáyà, WhatsApp kò tíì dé.) Lẹ́yìn náà ni abala 45 wá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ní òfin tó bá bójú mu láwùjọ ìjọba tiwa-n-tiwa lè dín ẹ̀tọ́ yìí kù nítorí ààbò orílẹ̀-èdè, àlàáfíà ìlú, ìwà rere àwùjọ, ìlera, tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí pé òfin ni abala náà dárúkọ. Kò dárúkọ ọlọ́pàá tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn agbẹjọ́rò méjì ará Amẹ́ríkà, Samuel Warren àti Louis Brandeis, ni wọ́n kọ àròkọ tó gbajúmọ̀ jù lórí ẹ̀tọ́ yìí, ní ọdún 1890, nígbà tí kámẹ́rà kéékèèké àti ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí yọjú sínú ilé àwọn ọlọ́lá. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi í sí abala 12 nínú Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní 1948. Ìwé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà fọwọ́ sí ní 1981 kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Ológun pọ̀ láàárín àwọn olórí ìgbà náà. Kí olúkúlùkù fi ìyẹn ṣe ìrònú tirẹ̀.

Ìwé nìkan kò sì lè dá ìbọn dúró. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya bo ilé olórin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ní Mushin. Wọ́n lu àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n dáná sun ilé náà, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí máa sọ̀rọ̀, ó ní ṣọ́jà tí a kò mọ̀ ló sun ilé náà. Ìjọba mọ ojúlé Fẹlá, ó mọ ẹni tó ń sùn níbẹ̀. Ẹni tó ṣáná ni kò ní orúkọ.

“Ṣí fóònù ẹ”

Ẹni tó bá fẹ́ wọlé tọ ènìyàn lónìí kò nílò láti já ilẹ̀kùn. Ohun tó wà nínú fóònù ju ohun tó wà nínú yàrá lọ: fọ́tò ọmọ àti aya, ọ̀rọ̀ tí a bá dókítà sọ, àlátì báńkì, àdúrà tí pásítọ̀ tàbí ààfáà fi ránṣẹ́, ẹgbẹ́ òṣèlú tí a ń bá ṣe.

Láti Mile 2 títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, àyẹ̀wò lórí àyẹ̀wò ni ojú ọ̀nà Bàdágírì: ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígíréṣọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò LASU mọ gbólóhùn náà bí ẹní mowó. Wọ́n á ní kí ọmọ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n á bi í pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀, kó tó dáhùn tán wọ́n á ti ní “Ṣí fóònù ẹ.” Bí irun rẹ̀ bá gùn, bí kọ̀ǹpútà bá wà nínú báàgì rẹ̀, wọ́n á ní ọmọ yahoo, gbájúẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni. Wọ́n á ka ọ̀rọ̀ tí òun àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ jọ sọ, wọ́n á wo iye tó wà ní báńkì, ìdúnàádúrà á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí iye yẹn. Ibi tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ òṣèlú wò dáadáa nìyí. Àṣírí tí wọ́n rí ni wọ́n fi díye lé ènìyàn.

Nínú ìròyìn tí Amnesty International gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ó kéré tán ìṣẹ̀lẹ̀ 82 ni wọ́n kọ sílẹ̀ nípa ìyà tí ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS fi jẹ àwọn ènìyàn láàárín oṣù kìíní 2017 àti oṣù karùn-ún 2020. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2020, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ìgbà náà, Mohammed Adamu, kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́pàá pé kí wọ́n yé yẹ fóònù àti kọ̀ǹpútà aráàlú wò láìnídìí. Ìkìlọ̀ náà pẹ́ dé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ gba ojú pópó, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá náà sì tú SARS ká ní ọjọ́ 11 oṣù kan náà. Àwọn tó ń kọ nípa ìwọ́de náà, tí wọ́n pè ní EndSARS, sábà máa ń pè é ní ìwọ́de lórí ìpànìyàn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó jáde kò tíì rí òkú rí. Fóònù wọn ni ọlọ́pàá ti gbà wò. Lójú tèmi, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ àṣírí kó èrò jáde sí títì ní Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fi orúkọ yẹn pè é. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Báńkì Àpapọ̀ gba àṣẹ ilé ẹjọ́ ní Àbújá, ó sì ti àkáǹtì àwọn ogún tó ní í ṣe pẹ̀lú ìwọ́de náà pa.

Kí ni òfin sọ? Ọ̀nà tí òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 là sílẹ̀ ni pé kí agbófinró lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ kí ó tó wá ẹ̀rí nínú ẹ̀rọ. Aṣọ tó dára kì í ṣe ẹ̀sùn, irun dídì kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tó lórí pípé tí yóò ní kí ọmọ máa ka abala òfin sójú ẹni tó gbé ìbọn lóru. Ibi àyẹ̀wò kọ́ ni a ti ń gba ẹ̀tọ́ yìí; ilé ẹjọ́, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti àpótí ìdìbò ni.

Ìtàn síìmù àti NIN

Orílẹ̀-èdè tí kò mọ iye ọmọ rẹ̀ kò lè pín ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn bó ṣe yẹ, nítorí náà kì í ṣe ìwà ibi pé ìjọba ń fún ènìyàn ní nọ́ḿbà. Òfin tó dá àjọ NIMC sílẹ̀ jáde ní 2007. Ní 2011, àjọ NCC tó ń mójú tó iṣẹ́ tẹlifóònù pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tó ní síìmù wá fi orúkọ, fọ́tò àti ìka sílẹ̀, nítorí pé àwọn ajínigbé àti gbájúẹ̀ ń fi síìmù aláìlórúkọ ṣiṣẹ́. BVN tẹ̀ lé e ní oṣù kejì 2014. Ní oṣù kẹwàá 2015, NCC bu ìtanràn ₦1.04 tírílíọ̀nù lé MTN nítorí síìmù tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún tí wọn kò forúkọ wọn sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tó di 2016, wọ́n dín in kù sí ₦330 bílíọ̀nù. Ẹ fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2024, nígbà tí àjọ tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ aráàlú bu ₦555.8 mílíọ̀nù lé báńkì kan. Ilé-iṣẹ́ tí kò mọ̀ wá tó san ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po ohun tí wọ́n ní kí ẹni tí kò tọ́jú àṣírí wa san. Owó ìtanràn ń sọ ohun tí ìjọba kà sí pàtàkì.

Ààbò kì í ṣe àwáwí lásán ní agbègbè yìí. Ní oṣù keje 2016, àwọn agbébọn wọ ààfin Oniba ti Ìbà, Ọba Goriola Oseni, wọ́n sì gbé kábíyèsí lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún aráàlú Ìbà pé kí ìjọba má mọ ohunkóhun nípa ẹnikẹ́ni, wọn kò ní dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ yìí wáyé lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí gbogbo wa ti ń tẹ̀ka lórí síìmù. Ó yẹ kí a lè béèrè ohun tí ìka wa ṣe.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ṣì ń pa ènìyàn, NCC tún fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n gé ìlà ẹni tí kò bá so NIN mọ́ síìmù rẹ̀. Èrò rọ́ lọ sí àwọn ọ́fíìsì NIMC, wọ́n fún ara wọn pa lórí ìlà nígbà tí dókítà ń ní kí olúkúlùkù jìnnà síra. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú léraléra. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù kẹrin 2022, wọ́n dá ìlà tó lé ní àádọ́rin mílíọ̀nù dúró, àwọn tó ni wọ́n kò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìgbà yẹn, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta, ni wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná. Àwọn tó jí èrò ọkọ̀ náà gbé rí fóònù fi pe ẹbí wọn fún owó ìtúsílẹ̀. Alágbàtà ní Alábà ni kò rí fóònù fi pe oníbàárà rẹ̀.

Ní òpin oṣù keje 2024, wọ́n tún gé ìlà. Lọ́tẹ̀ yìí, èrò ya lọ sí àwọn ọ́fíìsì MTN, wọ́n sì ba ti Festac jẹ́, èyí tí kò jìnnà sí Ọ̀jọ́. NCC ní kí wọ́n ṣí àwọn ìlà náà padà. Èmi kò fara mọ́ bíba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣèlú kò gbọdọ̀ fojú fo ohun tó hàn níbẹ̀: ìwé ẹ̀bẹ̀ kò mi ìjọba tó bí ogunlọ́gọ̀ ṣe mì ín.

Èyí tó wá dunni jù ni ibi tí ìsọfúnni náà gbà lọ. Ní oṣù kẹta 2024, àwọn oníròyìn FIJ tú àṣírí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ń ta NIN aráàlú. Nígbà tó di oṣù kẹfà, Paradigm Initiative, àjọ tí 'Gbénga Ṣẹ̀san dá sílẹ̀ ní Èkó, sọ pé àwọn rí òmíràn tó ń ta NIN àti BVN ní ₦100 péré. Wọ́n ní àwọn fi ₦100 ra ìwé NIN mínísítà tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, Bósún Tìjání, àti ti Vincent Olátúnjí, ọ̀gá àjọ tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ aráàlú fúnra rẹ̀. NIMC ní òun kò fún irú ojúlé bẹ́ẹ̀ láṣẹ. Bí ti ọ̀gá aṣọ́de bá di títà lọ́jà, ta ni ti ìyá ẹlẹ́ja Òkókómáìkò máa ṣòro fún?

Ilé ẹjọ́ ti ṣe díẹ̀. Ní Ògùn, wọ́n pe NIMC lẹ́jọ́ nítorí ₦15,000 tí wọ́n ní kí ẹnì kan san kó tó lè tún ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn adájọ́ ti sọ ní 2021 pé ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni wà lára ohun tí abala 37 ń sọ. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, nítorí ó gbé òfin kúrò lórí wáyà wá sórí kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ààbò àkọsílẹ̀ aráàlú, òfin náà sì dá NDPC, àjọ aláàbò tí a mẹ́nu kàn lókè, sílẹ̀. Àwọn mìíràn ti ṣáájú wa. Ní Íńdíà, adájọ́ mẹ́sàn-án ilé ẹjọ́ tó ga jù fẹnu kò ní oṣù kẹjọ 2017 pé àṣírí jẹ́ ẹ̀tọ́ tí òfin ìpìlẹ̀ dáàbò bò. Ní Kẹ́ńyà, Ilé Ẹjọ́ Gíga fagi lé ètò nọ́ḿbà ìdánimọ̀ Huduma ní oṣù kẹwàá 2021, nítorí ìjọba kò kọ́kọ́ yẹ ewu rẹ̀ wò. Ní tiwa, a ti kó ìka aráàlú jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òfin tó dé.

Ohun tó wà nínú tókúnbọ̀

Alábà International, ní Ọ̀jọ́, ni ọjà ẹ̀rọ tó lókìkí jù ní apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ibẹ̀ ni ẹrù tókúnbọ̀ sì ń balẹ̀ sí. Ní oṣù kejì 2009, Greenpeace àti Sky News sọ bí wọ́n ṣe fi ẹ̀rọ atọpinpin pamọ́ sínú tẹlifíṣọ̀n kan tó ti bàjẹ́ ní Ìlú Ọba, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bíi pàǹtírí níbi tó yẹ kí wọ́n ti tú u palẹ̀. Alábà ni ẹ̀rọ náà júwe. Wọ́n wá síbẹ̀, wọ́n sì rà á padà.

Ṣáájú ìyẹn, ní 2005, àjọ Basel Action Network ra àwọn ibi ìkópamọ́ inú kọ̀ǹpútà tókúnbọ̀ ní Èkó, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. Lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ àwọn tó lò wọ́n tẹ́lẹ̀ ní òkè òkun ṣì wà nínú wọn. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kì í ṣe fún àwọn ará òkè òkun nìkan. Fóònù tí akẹ́kọ̀ọ́ tà lẹ́yìn tó pa fọ́tò inú rẹ̀ rẹ́ kò tíì mọ́: píparẹ́ lásán kì í kó nǹkan kúrò, àyè ni ó kàn ń fi sílẹ̀ fún òmíràn. Àfi kí a da fóònù náà padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde ní ilé-iṣẹ́, kí a sì yọ síìmù àti káàdì ìkópamọ́ kí a tó gba owó.

Ológò orí fóònù

Ní kúkúrú, àwọn áàpù ayánilówó dá ológò padà. Ẹni tó bá yá owó lórí wọn fún wọn láyè láti ka gbogbo nọ́ḿbà tó wà nínú fóònù rẹ̀. Bó bá pẹ́ san án, wọ́n á kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, àna rẹ̀ àti pásítọ̀ rẹ̀ pé olè ni. Ológò àtijọ́ kò kọjá ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ gbèsè. Ní oṣù kẹjọ 2021, àjọ NITDA tó ń mójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ bu ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé ilé-iṣẹ́ tó ni Soko Loan. Ní oṣù kẹta 2022, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà já wọ ọ́fíìsì irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìkejà. Wọn kò tíì tán nílẹ̀.

Àṣírí àwọn ọ̀gá

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wọ òṣèlú gan-an nìyí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá 2009, Ààrẹ Umaru Yar'Adua lọ gba ìtọ́jú ní Saudi Arabia. Wọn kò jẹ́ kí aráàlú mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí gan-an, ìjọba kò sì ní olórí gidi títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi sọ Goodluck Jonathan di adelé ní oṣù kejì 2010. Ààrẹ náà kú ní oṣù karùn-ún. Ní 2017, Ààrẹ Muhammadu Buhari lo ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn agbẹnusọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni àìsàn rẹ̀. Àìsàn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó ń náwó aráàlú lórí ìtọ́jú, tí ìbùwọ́lùwé rẹ̀ ń mú ogun jáde, kò ní àṣírí tó pọ̀ tó ti bíríkìlà.

Ohun ìní wọn ńkọ́? Òfin ìpìlẹ̀ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àjọ tó ń ṣọ́ ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, kí aráàlú sì lè yẹ ìwé náà wò lábẹ́ ìlànà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá ṣe. Láti 1999, ilé ìgbìmọ̀ náà kò tíì ṣe ìlànà ọ̀hún. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ yá owó ilé-ìwé gbọ́dọ̀ fi nọ́ḿbà báńkì rẹ̀ han ìjọba, kò sì pọn dandan fún gómìnà láti fi iye ilé rẹ̀ han akẹ́kọ̀ọ́.

Owó tí wọ́n ń ná lórí wíwò wá kò kéré. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀tọ́ orí ẹ̀rọ ní Áfíríkà gbé jáde ní 2023 sọ pé Nàìjíríà ni ó náwó jù lórí ẹ̀rọ ìṣọ́ aráàlú láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí wọ́n yẹ̀ wò: ó kéré tán, bílíọ̀nù 2.7 owó dọ́là láàárín 2013 àti 2022. Nínú àfikún ìṣúná 2021, wọ́n ya owó sọ́tọ̀ fún àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ NIA láti gbọ́ ọ̀rọ̀ orí WhatsApp àti ti fóònù Thuraya. Bí wọ́n bá fi gbọ́ ti ajínigbé, a kò bínú. Kò sí ìgbìmọ̀ kan tí aráàlú lè wò tó ń sọ fún wa ẹni tí wọ́n fi gbọ́.

Òfin FOI ti 2011, tó fún aráàlú láyè láti béèrè ìwé ìjọba, yọ àkọsílẹ̀ ara ẹni sílẹ̀, ó sì tọ̀nà. Ohun tí kò tọ̀nà ni kí àwọn tó wà lóyè sá sábẹ́ rẹ̀. Ìdájọ́ tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé yẹ̀ wò, tàbí kó takò ó bó bá ní ẹ̀rí, ni pé Nàìjíríà ti dojú ọ̀rọ̀ yìí dé: ẹni tó lágbára ni a bò, ẹni tí kò ní nǹkan kan ni a tú sí gbangba.

Iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ ka abala 37 àti 45 nínú Ìwé Òfin 1999, kí ẹ wá fi ojú ìwé méjì sọ bóyá gígé ìlà àwọn aráàlú ní oṣù kẹrin 2022 bá wọn mu. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ààbò. Ẹni tó bá sá fún ìhà yẹn kò ní gba máàkì tó pọ̀.

Iṣẹ́ kejì: òfin 2023 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí ohun tí ó ní sílẹ̀ nípa yín, kí ẹ sì ní kó tún èyí tí kò tọ̀nà ṣe. Kí olúkúlùkù yan báńkì, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tàbí ilé-ìwé kan, kó kọ lẹ́tà béèrè náà ní tààràtà, kó kọ déètì sí i, kó sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Ẹ mú èsì tí ẹ bá rí gbà wá sí kíláàsì, kí ẹ sì bo nọ́ḿbà yín kí ẹ tó fi han ẹnikẹ́ni.